Bí wọ́n bá ní ká mú ìbéèrè wá lórí ọ̀rọ̀ tó há lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, èwo la máa fi ṣíwájú?

Àdìsá Kubwa · ọjọ́ Ajé, 6:50 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbí mọ̀ pé rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi lọ́dún tó kọjá. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ń gbà díẹ̀díẹ̀, wọ́n ti ń fi ọ̀pá rìn dé ẹnu géètì. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ò padà. Bàbá tó bá iṣẹ́ ìjọba dé Abuja láti Èkó ní 1991, tí wọ́n máa ń kọ ìwé ọ́fíìsì olójú ewé mẹ́wàá láìfi àmì kan sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù sí wọn lẹ́nu: "kọ́kọ́rọ́". Òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, kọ́kọ́rọ́. Inú ń bí wọn, kọ́kọ́rọ́! Ọmọ mi ti iléèwé dé, wọ́n á gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n á máa sọ "kọ́kọ́rọ́, kọ́kọ́rọ́" wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni ń súre. Orí wọn pé o. Ẹ ṣi owó ìfẹ̀yìntì wọn kà lójú wọn, ẹ ó rí ìjà.

Lóṣù tó kọjá, báńkì kan ní àfi kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọjọ́ ìbí wọn kí àkáǹtì wọn tó lè ṣí. "Kọ́kọ́rọ́," ni bàbá dáhùn. Ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ yíjú sí mi, ó ní ṣé bàbá ti ń ṣarán ni.

Ohun tó gbé mi dé ibí nìyí. Ọmọ àdúgbò wa kan tó ń ka ìwé sí i nípa ìlera sọ fún mi pé àwọn olùwádìí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ máa ń fi ìmọ̀ ṣọ̀kan lórí ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí nípa irú nǹkan yìí. Àfésíà ni wọ́n ń pè é. Ó ní bó bá jẹ́ pé wọ́n pè mí, ìbéèrè wo ni màá gbé síwájú wọn? Ẹnu mi wọhò. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ìyá Kẹ́hìndé, Nyanya · 7:15 àárọ̀

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ọlọ́run á dá ohùn wọn padà.

Tèmi ò gùn. Ta ló máa kọ́ wa bá a ṣe máa bá wọn sọ̀rọ̀? Nígbà tí ti ìyá ọkọ mi ṣẹlẹ̀, wọ́n kọ́ wa bá a ṣe ń yí wọn lórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹ̀yìn wọn má baà bó, wọ́n kọ́ wa bá a ṣe ń wọn ìfúnpá. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀, wọ́n ní "ẹ máa bá màmá sọ̀rọ̀ dáadáa". Dáadáa báwo? Àwa wá ń pariwo sí wọn létí bí ẹni pé adití ni wọ́n. Ọdún méjì la fi pariwo.

Ọ̀túnba Gwarinpa · 7:40 àárọ̀

Ẹ má bínú sí mi o. Gbogbo òyìnbó yìí dára, àmọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ketekete lánàá tó wá di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lónìí, ṣé ẹ ti wo ẹ̀yìn ilé? Ayé lè di ènìyàn lẹ́nu. Mo ti rí i rí.

Báyọ̀ Lugbe · 7:52 àárọ̀

Ọ̀túnba, ẹ tún ti dé 😂

Àdìsá, ẹ pẹ̀lẹ́. Àmọ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa: ìwádìí wo? Oògùn ìfúnpá ni kí wọ́n rà fún wa, kí rọpárọsẹ̀ má tiẹ̀ wáyé rárá. Àwọn tí iná kì í kú nílé wọn ló lè jókòó ka ìbéèrè lé ara wọn. Bó bá sì di dandan, kí wọ́n kọ ápù kan, ká gbé e sórí fóònù àwọn bàbá, kó máa kọ́ wọn lọ́rọ̀. Ó parí.

Tóyìn onítọ̀ọ́jú ọ̀rọ̀ · 12:30 ọ̀sán

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ará ilé. Títọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ niṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí ní Abuja, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè jẹun ni.

Ẹ̀gbọ́n Àdìsá, ẹni tó jọ bàbá gan-an ló jẹ́ káyé mọ àìsàn yìí. Ní Paris ní 1861, wọ́n gbé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Leborgne wá sọ́dọ̀ dókítà Paul Broca. "Tan" nìkan ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀, "Tan" náà ni gbogbo ilé ìwòsàn fi sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tó kú, Broca yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, ó rí i pé ibì kan ti bàjẹ́ níwájú lápá òsì. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ wa, apá òsì ọpọlọ ló ń gbé èdè ró, òun náà ló ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ ọ̀tún bàbá àti ẹnu wọn fi jọ lọ lọ́jọ́ kan náà. Bí ènìyàn mẹ́ta bá ní rọpárọsẹ̀, ó máa ń tó ẹnì kan nínú wọn tí ọ̀rọ̀ máa ń há sí lẹ́nu. Ọ̀túnba, mi ò bá yín jà lórí ayé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn tí wọ́n sọ fún pé wọ́n dì wọ́n lẹ́nu kì í dé ọ̀dọ̀ mi títí oṣù mẹ́fà á fi kọjá, oṣù ìbẹ̀rẹ̀ yẹn sì lara máa ń tètè gba àtúnṣe jù.

Nípa àgbáyé: ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Collaboration of Aphasia Trialists. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 2013, ọ̀jọ̀gbọ́n Marian Brady ní Glasgow ló ṣíwájú rẹ̀. Ìṣòro tí wọ́n bá nílẹ̀ ò ṣàjèjì sẹ́ni tó ń ra ìrẹsì lọ́jà: mudu, ìyẹn kóńgò, ti Nyanya kì í ṣe mudu ti Kubwa. Olùwádìí kan á ní ìtọ́jú òun ṣiṣẹ́, òmíràn á ní tòun náà ṣiṣẹ́, ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n ò dọ́gba, kò sẹ́ni tó lè pa wọ́n pọ̀. Ní 2019 àwọn olùwádìí àgbáyé wá fẹnu kò pé mudu kan ni kí gbogbo wa máa lò: tẹ́ẹ̀sì kan fún èdè, òmíràn fún bí ọkàn ṣe rí, òmíràn fún bí ìgbé ayé ṣe rí. Fún èdè, Western Aphasia Battery ni wọ́n mú.

Ibẹ̀ lẹsẹ̀ mi ti ń wọ́. Tẹ́ẹ̀sì òyìnbó ni. Ó ní kẹ́ ẹ wo àwòrán àwọn tó ń jẹun lórí koríko létí adágún omi, kẹ́ ẹ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó ní kẹ́ ẹ tún "no ifs, ands, or buts" sọ tẹ̀lé òun. Ẹ fi Yorùbá sọ ìyẹn fún mi, mo ń dúró. Tẹ́ẹ̀sì Boston kan tún wà tí wọ́n ti ń fi àwòrán han ènìyàn kó pe orúkọ rẹ̀. Ilé yìnyín àwọn ará òkè òkun wà níbẹ̀, igloo. Mo fi han bàbá kan tó jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n wò ó, wọ́n wò ó, wọ́n fi ìka kan bébà, wọ́n ní "ọ̀gán". Lóòótọ́ ó jọ òkìtì ọ̀gán! Ẹni tí ọ̀rọ̀ há sí lẹ́nu wá ọ̀rọ̀ kàn, ó tún wá àfiwé kàn. Ìwé máàkì ní kí n kọ òdo.

Ìbéèrè tí èmi máa fi ṣíwájú nìyẹn: mudu tiwa dà?

Nọ́ọ̀sì Risi, Gwagwalada · 1:05 ọ̀sán

Báyọ̀ jàre lápá kan. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní SIREN, tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà àti Gánà, tí ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Ìbàdàn kó sòdí, jáde ní 2018. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gba ipò kìíní nínú ohun tó ń fa rọpárọsẹ̀, kò sí èyí tó sún mọ́ ọn. Kẹ́ ẹ máa lo oògùn yín, kẹ́ ẹ yé sọ pé "ara mi ti yá, mo ti dá a dúró".

Àmọ́ Báyọ̀, ẹni tó ti ṣẹlẹ̀ sí ńkọ́? Ṣé ká máa sọ fún bàbá Àdìsá pé wọn ì bá ti lo oògùn ni?

Alàájì Sabon Gari, Zaria · 2:20 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ n sọ tàwa ará òkè Ọya.

Bàbá àgbà wa, ọmọ Òfà, ta aṣọ ní Sabon Gari fún ogójì ọdún ó lé. Nígbà tí rọpárọsẹ̀ dé, ẹnu wọn kú fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ tó máa ṣí, Haúsá ló bá jáde. "Ina kwana." "Nawa ne?" "Albarka." Ẹ kú àárọ̀, èló ni, àlùbáríkà: ọ̀rọ̀ ọjà ni gbogbo rẹ̀. Inú gbogbo wa dùn, àfi màmá àgbà. Òfà ni màmá ti wá, ọjọ́ alẹ́ ni wọ́n tó wá bá bàbá gbé, Haúsá wọn ò ju ti ọjà lọ. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń sunkún, wọ́n ní: "Ọkọ mi ń kí mi bí oníbàárà."

Ó tó oṣù márùn-ún kí Yorùbá tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, èyí tó sì yọ náà, bí ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ìbéèrè tèmi: nínú èdè méjì tàbí mẹ́ta tí ènìyàn ń sọ, èwo ló máa ń kọ́kọ́ padà, kí sì nìdí? Èwo ni kí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀?

Tóyìn onítọ̀ọ́jú ọ̀rọ̀ · 4:45 ìrọ̀lẹ́

Alàájì, ìbéèrè yín ti pẹ́ láyé. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Ribot ti sọ ṣáájú pé èyí téèyàn kọ́kọ́ gbọ́ ló máa ń dúró pẹ́ jù. Òmíràn, Pitres, dé ní 1895, ó ní rárá, èyí téèyàn ń lò jù nígbà tí àìsàn dé ni. Bàbá àgbà yín gbè sẹ́yìn Pitres. Mo ti rí ẹni tó gbè sẹ́yìn Ribot, mo ti rí ẹni tí èdè méjèèjì jọ padà, mo sì ti rí ìyá kan ní Lokogoma tó ń po Haúsá, Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá pọ̀ nínú gbólóhùn kan. Mi ò tíì lè sọ bóyá àìsàn ló ń ṣe ìyẹn tàbí bí gbogbo ará Abuja ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń dùn mí. Nígbà tí àwọn olùwádìí kan ka àpilẹ̀kọ tó jáde nípa àfésíà fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, èyí tó ju ìdajì lọ nínú wọn ló dá lórí ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì sì jìnnà sí tiwa. Ohun tí wọ́n fi ń dá irú àfésíà bíi ti bàbá Àdìsá mọ̀ lọ́dọ̀ wọn ni pé aláìsàn á máa gé ìrù ọ̀rọ̀: "walked" á di "walk". Ọ̀rọ̀ ìṣe tiwa ò nírù tí ẹnikẹ́ni lè gé. "Rìn" ni "rìn" lánàá, lónìí, lọ́la. Níbo la ó wá ti rí àbùkù náà? Bóyá nínú "ń", "ti" àti "á". Bóyá nínú ohùn. Ẹ fi àwòrán mọ́tò han aláìsàn, kó ní "ọkọ́": ṣé ọ̀rọ̀ ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro oko ló ṣì mú, àbí ọkọ̀ ni ó mú tí ohùn rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́? Ìtọ́jú méjèèjì ò lè rí bákan náà. Wọ́n ti wádìí irú èyí lórí àwọn tó ń sọ èdè Thailand àti ti Ṣáínà. Ó kù wá.

Kì í ṣe pé ká kàn túmọ̀ o. Tẹ́ẹ̀sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà, Comprehensive Aphasia Test, ti 2004. Ẹgbẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ti Marian Brady, ti ń tún un ṣe sí èdè Gíríìkì, Tọ́kì, Croatia àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Èdè kọ̀ọ̀kan ló ń yan ọ̀rọ̀ àti àwòrán tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń tú u ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Irú rẹ̀ ni mò ń wá.

Báyọ̀ Lugbe · 5:10 ìrọ̀lẹ́

Àǹtí Tóyìn, ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí ápù o.

Tóyìn onítọ̀ọ́jú ọ̀rọ̀ · 5:32 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣe é, ẹ jọ̀wọ́. Wọ́n ti dán an wò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ènìyàn 278, Big CACTUS lorúkọ ìwádìí náà, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019. Wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ ọ̀rọ̀ nílé. Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́ padà lóòótọ́, wọ́n ń rí i pè. Nígbà tó kan ká jókòó tàkúrọ̀sọ, kò sí ìyàtọ̀. Ọmọ lè mọ gbogbo ayò orí ọpọ́n kà, kó má mọ ayò ta.

Ti iye wákàtí ìtọ́jú tó yẹ kéèyàn gbà náà wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ ti Marian Brady yẹn kó àkójọ àbájáde ìwádìí 174 láti orílẹ̀-èdè 28 pọ̀, ènìyàn 5,928 ló wà nínú rẹ̀. Àwọn tó rí àǹfààní jù lọ máa ń gba wákàtí 20 sí 50 lápapọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà lọ́sẹ̀, wọ́n sì ń fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Wákàtí 20! Lọ́dọ̀ wa, bí ènìyàn bá rí mi lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó ti jẹ orí ire, nítorí owó mọ́tò láti Zuba wá, nítorí ẹni tó ń mú un wá ní iṣẹ́. Ẹni tó máa ṣe wákàtí yòókù, ilé ló wà. Ìbéèrè Ìyá Kẹ́hìndé ló jẹ yọ yẹn: báwo la ṣe máa kọ́ ìyàwó, ọmọ, ọmọ ọ̀dọ̀, kí wọ́n lè ṣe é? Tèmi ti sún sí ipò kejì báyìí, mo gbé ti ìyá síwájú.

Àmọ̀kẹ́ Jos · 8:03 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Ìyá mi ò lè sọ "omi". Àmọ́ bí orin ìjọ bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kọ ẹsẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán, ọ̀rọ̀ kan ò ní jábọ́. Lọ́jọ́ kan tí mo kí wọn ní oríkì, mo mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ láàárín, wọ́n bá parí rẹ̀. Ọmọ ìyá mi ní wọ́n ń díbọ́n.

Tóyìn onítọ̀ọ́jú ọ̀rọ̀ · 8:20 alẹ́

Wọn ò díbọ́n rárá, ẹ bá mi sọ fún un. Orin, àdúrà, òǹkà, èébú, oríkì, gbogbo ohun tó ti mọ́ ẹnu tipẹ́, ó sábà máa ń ṣẹ́kù nígbà tí ọ̀rọ̀ tuntun bá há. Àwọn ará Boston ti gbìyànjú láti fi orin fa ọ̀rọ̀ jáde láti 1973: wọ́n á fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kọ gbólóhùn kékeré lórin, wọ́n á máa fi ọwọ́ òsì lu tábìlì. Tiwa ni pé ohùn wa ti nítumọ̀ kí orin tó dé. Ẹ sì mọ bí orin ìjọ tí wọ́n tú láti Gẹ̀ẹ́sì ṣe máa ń ṣe ohùn Yorùbá báṣubàṣu. Ṣé oríkì ló yẹ ká fi ṣe tiwa? Ìbéèrè gidi nìyẹn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Olùkọ́ àgbà, Minna · 9:15 alẹ́

Orúkọ ńkọ́? Ẹ ń wí àfésíà, àfésíà. Bí ènìyàn bá sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ta ló máa yé? Wọ́n ń pe irú wọn ní odi, èyí ò sì tọ̀nà, odi ò sọ̀rọ̀ rí. Èmi á ní "ọ̀rọ̀-há". Ọmọ báńkì yẹn ì bá ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀-há ló ń ṣe bàbá, kì í ṣe arán.

Àdìsá Kubwa · 9:40 alẹ́

Olùkọ́, mo ti gbà á. Ọ̀rọ̀-há.

Nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn ṣá. Àwa tí ẹnu wa dá ṣáká la ń yan ìbéèrè látàárọ̀.

Tóyìn onítọ̀ọ́jú ọ̀rọ̀ · 10:02 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti dé ibẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ James Lind Alliance ti ń ṣe irú nǹkan yìí láti 2004. Aláìsàn, ẹbí àtàwọn tó ń tọ́jú wọn á jọ kó ìbéèrè jọ, wọ́n á yọ èyí tí ìwádìí ti dáhùn, wọ́n á fa ọ̀rọ̀ títí tó máa fi ku mẹ́wàá. Ó dára fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ há, àfi kẹ́ ẹ ràn án lọ́wọ́ kó tó lè fa ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ dán èyí wò pẹ̀lú bàbá. Aura Kagan àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto ló là á kalẹ̀, wọ́n sì fi hàn ní 2001 pé ẹni tí kì í ṣe dókítà lè kọ́ ọ. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n. Ẹ jókòó síwájú wọn, ẹ má pariwo. Ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ kókó ọ̀rọ̀ gàdàgbà sórí bébà, ẹ yàwòrán sí i, bí kò tiẹ̀ dára. Ẹ kọ BẸ́Ẹ̀ NI àti BẸ́Ẹ̀ KỌ́ kí wọ́n máa nawọ́ sí i. Ẹ fún wọn ní bírò. Kẹ́ ẹ wá dúró. Dídúró yẹn ló le jù. Ìyá Kẹ́hìndé, ẹ ka èyí náà.

Àdìsá Kubwa · ọjọ́rú, 7:30 alẹ́

Mo ṣe é o.

Bébà márùn-ún ni mo tẹ́ síwájú wọn: oògùn, owó, èdè, kíkọ́ ẹbí, ápù. Mo ṣàlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní èwo ni kí àwọn olùwádìí kọ́kọ́ ṣe? Wọ́n wo gbogbo rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo rò pé inú ń bí wọn, mo fẹ́ dìde. Mo rántí pé ẹ ní kí n dúró.

Wọ́n fi ọwọ́ òsì mú bírò. Wọ́n ya òdo kan, ó wọ́. Wọ́n ya òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní "owó?" Wọ́n nawọ́ sí BẸ́Ẹ̀ KỌ́. Wọ́n ń yà á lọ, wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí ìlà kejì. Nígbà tí mo kà á, mẹ́fà lókè, mẹ́fà nísàlẹ̀. Mo pariwo: "Ayò!" Bàbá lu tábìlì: "Kọ́kọ́rọ́!"

Àwọn bàbá mẹ́rin máa ń ta ayò lábẹ́ igi dongoyaro nítòsí ilé wa ní Phase 4 ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Látìgbà tí ó ti ṣẹlẹ̀, wọ́n wá kí bàbá lẹ́ẹ̀mejì péré. Wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa bá wọn sọ, wọ́n wá ṣíwọ́ ní wíwá.

Tóyìn onítọ̀ọ́jú ọ̀rọ̀ · 7:48 alẹ́

Ó ti wà nínú ìwádìí, àwọn olùwádìí ní London ti rí i: ọmọ àti ẹbí sábà máa ń dúró, ọ̀rẹ́ ló máa ń ṣán lọ. Ohun tó máa ń mú wọn padà ni a ò tíì mọ̀ tó. Ìbéèrè bàbá ló gba ipò kìíní lọ́wọ́ gbogbo wa.

Ọ̀túnba Gwarinpa · 8:10 alẹ́

Phase 4 ibo? Mo ní ọpọ́n nílé, ọmọ ayò rẹ̀ pé 48. Lọ́jọ́ Sátidé lẹ́yìn aago mẹ́rin, ṣé ilé ò ní dí?

Àdìsá Kubwa · 8:14 alẹ́

Ilé ò dí, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bọ́ sílẹ̀ lójú Gado Nasko, ẹ pè mí, màá wá mú yín. Àmọ́ ẹ má ṣe tìtorí àìsàn dẹwọ́ fún wọn o. Mo ta á pẹ̀lú wọn lánàá, wọ́n jẹ mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta.